Ọjọ́ Tí Mo Rí Ara Mi Nínú Tẹlifíṣọ̀n Dádì Ẹ̀bún

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajégúnlẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sán Sátidé mi ni ìrẹsì ṣíṣà, ìdí ìrẹsì yẹn náà ni mo sì wà lọ́jọ́ tí Kúdí sáré wọlé wá sọ fún wa pé tẹlifíṣọ̀n Dádì Ẹ̀bún ti padà dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, atẹ wà lórí itan mi. Ìrẹsì yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wọ̀n lọ́jà o. Ìyá mi ló gbá a ní Creek Road. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ládùúgbò wa á rántí: bí ọkọ̀ ńlá bá ń kó ẹrù jáde nílé ìkẹ́rùsí, àpò kan kò ní ṣàì ya, àwọn obìnrin tó ń fi abẹ́rẹ́ gígùn rán àpò náà yóò sì gbá èyí tó dà sílẹ̀, tòun ti iyanrìn, tòun ti ìṣó. Ìyá mi wà lára àwọn tó ń rán àpò. Èmi ni mo ń ṣa òkúta. Láyé ìgbà yẹn, mo mọ òkúta ju ìrẹsì lọ.

Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Kúdí àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọjọ́ orí kan náà ni wá, kíláàsì kẹfà kan náà la wà, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn.

"Wọ́n ní eré tuntun ni wọ́n máa ṣe nírọ̀lẹ́ yìí," ló wí, ó ń mí gúlegúle. "Wọ́n ní wárápá máa gbé obìnrin kan lójú gbogbo ènìyàn! Dádì Ẹ̀bún ní ọmọ tó bá ti wẹ̀ nìkan ni kó wá."

Ọwọ́ ìyá mi dúró lórí àpò tí wọ́n ń rán. "Sìkírá ò lọ síbì kankan," wọ́n ní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí mo ṣe. Mo sunkún títí ó fi sú wọn, nígbà tó sì jẹ́ pé wọn ò lè sọ ìdí tí mi ò fi gbọ́dọ̀ lọ, wọ́n ní kí n lọ wẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ara mi nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé òòyì máa ń kọ́ mi. Orúkọ tí ìyá mi pè é nìyẹn. Mo lè máa gbálẹ̀, kí n ṣàdédé bá ara mi lórí ẹní, ahọ́n mi á ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin ṣíbí tí wọ́n fi há mi léyín á ṣì máa ta mí lẹ́nu, gbogbo ara mi á máa rùn fún àdí tí wọ́n fi pa mí, aṣọ tó wà nídìí mi kò sì ní jẹ́ èyí tí mo wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá mi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Òòyì ló kọ́ ẹ. Ó ti lọ. Sùn." Láàrin ìgbálẹ̀ àti ẹní yẹn, n ò mọ ohunkóhun. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ya ojú ewé kan kúrò nínú ìwé ìtàn, tí wọ́n ní kó o máa kà á lọ. Mo rò pé bó ṣe ń ṣe gbogbo ọmọ nìyẹn, bí ibà tàbí ikọ́.

Òfin pọ̀ lórí mi. N ò gbọ́dọ̀ fa omi ní kànga. N ò gbọ́dọ̀ tan sítóòfù láìsí àgbà nítòsí. N ò gbọ́dọ̀ dé ẹ̀bá kànáà pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń wẹ̀. Kúdí máa ń jowú mi. "Ìwọ nìkan ni wọn kì í rán ní kànga," á máa wí bó bá ru korobá rẹ̀ dé, "àbí ọmọ ọba ni ẹ́ ni?" Èmi náà gbà pé wọ́n kàn ń kẹ́ mi ni.

Aṣojú ẹrù ni Dádì Ẹ̀bún, ó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Àpápá, òun nìkan ló sì ní tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá mẹ́rìndínlógún ilé wa. Dúdú-òun-funfun ni, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìlẹ̀kùn onígi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Àwa ọmọdé jókòó sílẹ̀, a fún pọ̀ bí ẹja nínú agolo. Àwọn àgbà dúró sójú fèrèsé. Ìyá mi wà lára wọn.

Ìyàwó tuntun kan ló ru omi bọ̀ nínú eré náà. Ó dúró. Ìkòkò já bọ́ lórí rẹ̀, òun náà ṣubú tẹ̀ lé e, apá rẹ̀ le, ojú rẹ̀ yí sókè, ìfófó funfun ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin kan kígbe pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹni tó bá tẹ itọ́ rẹ̀, ó ti kó o nìyẹn!" Ni gbogbo abúlé bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Gèlè ń já bọ́, bàbá arúgbó kan ju ọ̀pá rẹ̀ nù, ó gun ògiri. Pálọ̀ Dádì Ẹ̀bún mì tìtì fún ẹ̀rín. Ní ìgbẹ̀yìn eré, wọ́n kọ́ àtíbàbà fún obìnrin náà nínú igbó, ibẹ̀ ló ń gbé títí wọ́n fi pa iná eré.

Mo rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo wo fèrèsé kí n lè fi bàbá orí ògiri han ìyá mi, wọn ò sí níbẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Sunday, gbogbo ọmọ ilé wa ló di ẹni tó ní wárápá. Ẹ mọ bí ọmọdé ṣe rí. A po ọṣẹ ìfọṣọ sínú agolo, a ń fi kun ẹnu, a ń ṣubú ní àárín ilé níkọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù á sì ké pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án!" wọ́n á sá. Ovie, ọmọ yàrá ẹ̀yìn, sanra jù, bíi pé ó ń lọ sùn ló ṣe ṣubú. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí Kúdí ṣe tirẹ̀ dáadáa. Ló bá kàn mí.

Mo ṣubú. Mo jẹ́ kí apá òsì mi le ṣáájú ọ̀tún, mo yí ọrùn sẹ́yìn, mo ń gbọ̀n láti èjìká wá, mo jẹ́ kí ọṣẹ máa ṣàn jáde lẹ́nu mi. Títí di òní n ò mọ̀ bóyá obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n yẹn ni mo ń sín jẹ tàbí ara mi ló rántí. N kò gbọ́ "Ẹ má fọwọ́ kàn án." N kò gbọ́ ẹ̀rín. Mo rò pé eré mi dùn jù ni. Mo la ojú kan.

"Na so e dey do am!" Ovie ló pariwo. "Na so e dey do am true-true!"

Kúdí tẹjú mọ́ mi. "Sìkírá," ó ní, "ṣé o máa ń mọ̀ tó bá ń ṣe ẹ́ ni?"

"Tí kí ni bá ń ṣe mí?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi yọ láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n rí mi nílẹ̀, wọ́n rí ìfófó. Korobá aṣọ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sáré wọ yàrá, wọ́n mú ṣíbí jáde, kí n tó sọ̀rọ̀ ó ti wà láàrin eyín mi. "Màámi, eré ni!" Mo ń gbìyànjú láti sọ ọ́ yí ṣíbí ká. "Eré là ń ṣe!"

Ìyá mi tí kò gbá mi rí gbá mi létí. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú omi aṣọ tó dà, wọ́n sì ń sunkún. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó pè mí jókòó sọ ọ́ fún mi. Tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ fi hàn mí, ojú ìyá mi ló sì jẹ́rìí sí i.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ọmọ yẹn ti ń rí mi bí mo ṣe ń ṣubú láti ìgbà tí a ti ń rá kòrò. Wọn ò sá rí. Wọ́n ń bá mi jẹ nínú àwo kan náà. Ṣùgbọ́n látọjọ́ eré yẹn, ohun tí wọ́n ti ń pè ní òòyì ti ní orúkọ mìíràn, orúkọ yẹn sì ti ní òfin. Kúdí mú ife tirẹ̀ kúrò lára ife wa lẹ́bàá àmù. Kò bú mi, kò bá mi jà, ó kàn mú ife rẹ̀ lọ. Ní ilé-ìwé, bẹ́ńṣì tí àwa mẹ́rin ń jókòó lé di tèmi nìkan. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ yí mi ká. Bí mo bá tọ́ itọ́ dànù, ẹnìkan á bu iyanrìn bò ó.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin onígòógù kan tí kì í pariwo, fi kọ̀wé sí bàbá mi. Wọ́n ní kí n dúró sílé títí ara mi yóò fi dá, nítorí àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ìwé girama ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ilé wa, ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò yẹn ti parí ìwé nìyẹn. Ìdí àpò rírán ní Creek Road ló máa lọ. Mo sì fẹ́ràn ìṣirò. Mo ń sùn, mo ń ṣe ìṣirò. Mo ń fọ àwo, mo ń ṣe ìṣirò lórí omi ọṣẹ.

Bàbá mi, lébúrà ni wọ́n ní Kirikiri Lighter Terminal, wọ́n ń já ẹrù látinú báàjì, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, àwọn ọ̀rọ̀ wọn lóòjọ́ kò kún ọwọ́. Wọ́n ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ká a sínú àpò. Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n wọn dé láti Ìṣẹ́yìn, ẹni tí a ń pè ní Bàbá Ìṣẹ́yìn. Ìyá mi ló ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀rù ló ń ba ìyá mi, n ò dá wọn lẹ́bi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, gbogbo wọn jókòó sínú yàrá. Èmi wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti di ẹrù mi sínú báàgì bí ìyá mi ṣe sọ.

"Làmídì," Bàbá Ìṣẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, "a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìwé ni làpálàpá. Kó bá mi lọ. Ẹni tí yóò wò ó wà nílé. Bí ara rẹ̀ bá dá, á máa ran òwú fún àwọn ahunṣọ, á rí ọkọ fẹ́."

Mo ń ka ọwọ̀ tó ń gbálẹ̀ níta, mo ń ka ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Mo mọ̀ pé bí bàbá mi bá ti sọ pé "Ó dáa," ó tán. Mo gbọ́ ìró okùn bàtà tí ẹnìkan ń tú. Mo yọjú.

Bàbá mi kì í bọ́ sọ́ọ̀sì níwájú ẹnikẹ́ni. Wọn kì í wọ sálúbàtà rárá, kódà bí wọ́n bá ń ṣe àlùwàlá, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń lọ. Àwa gbà pé irin báàjì ló ti gé wọn lẹ́sẹ̀ nígbà kan. Wọ́n bọ́ sọ́ọ̀sì òsì, wọ́n na ẹsẹ̀ náà sí àárín yàrá. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń dán bí awọ tí wọ́n ti lò pẹ́. Ọmọ ìka mẹ́ta ti lẹ̀ mọ́ra, wọn kò ní èékánná.

"Ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n ní, "ta ló gbé e síná?"

"Bàbá wa ni." Ohùn Bàbá Ìṣẹ́yìn ti wálẹ̀. "Ìwòsàn ni, Làmídì. Bí wọ́n ṣe ń jí ẹni tí wárápá bá gbé nìyẹn."

"Ta ló di orúnkún mi mú?"

Bàbá Ìṣẹ́yìn gbójú kúrò lára ẹsẹ̀ náà. "Èmi ni."

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e síná. Kò lọ. Ìgbà tó wù ú ló lọ, nígbà tí irùngbọ̀n mi ń yọ. Ṣé ẹni tó máa wo Sìkírá yẹn kò ní lo iná?"

"Ọmọdé lèmi náà nígbà yẹn, Làmídì," ni Bàbá Ìṣẹ́yìn wí, wọ́n sì fi etí agbádá bojú.

Ìyá mi dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. "Ọdún mẹ́tàlá," wọ́n ní, "ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń fọ sọ́ọ̀sì yẹn, n ò mọ ohun tó ń bò mọ́lẹ̀."

Bàbá Ìṣẹ́yìn sùn di ọjọ́ kejì, wọ́n nìkan ni wọ́n padà lọ. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí kí wọ́n tó lọ, ọwọ́ náà wúwo, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé yẹn ni bàbá mi bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. "Kó tó gbé ẹ, kí lo máa ń gbọ́?"

Mo ronú. N ò tíì ronú sí i rí. Mo ní òórùn àpò tuntun ni, bíi pé wọ́n ki orí mi bọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já fìrí.

"Tèmi, ohùn ènìyàn ló máa ń lọ jìnnà," wọ́n ní, "bíi pé inú àgbá ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó máa ń kan ìlẹ̀kùn kó tó wọlé. Tó bá ti kàn án, má jà. Sọ ọ́ síta, kí o fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fúnra rẹ. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ sùn sílẹ̀, ilẹ̀ ò ní gbá a mọ́lẹ̀." Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ láyé mi, ìyẹn ló ti wúlò fún mi jù.

Ní Monday wọn ò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n wọ bùbá funfun tí wọ́n ń wọ̀ lọ́dún, a jọ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé.

"Bàbá Sìkírá, bí ọmọ ẹlòmíràn bá kó o ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀?"

"Mà, èmi náà ní in rí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń sùn lórí ẹní kan fún ọdún méje, kò kó o." Wọ́n mí. "Ẹ jẹ́ kó dá jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jókòó."

Ọ̀gá wò wá títí. Wọ́n ní kí n wá ṣe ìdánwò, lórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, kí bàbá mi sì dúró síta.

Mo dé ọjọ́ ìdánwò náà pẹ̀lú ẹ̀rù. N ò jẹun. N ò sùn dáadáa mọ́jú, mo sì ti wá mọ̀ lónìí pé àìsùn àti ebi ló ń pè é jù. Nígbà yẹn n ò mọ̀. Bàbá mi dúró sójú fèrèsé, wọ́n ń wo ẹ̀yìn orí mi. Kúdí wà ní ìlà iwájú. A ti dé orí ìṣirò, mo ti ṣe èyí tó lé ní ìdajì, nígbà tí mo gbóòórùn àpò tuntun.

Mo rántí pé mo bínú. Mo tún tẹ pẹ́ńsùlù mọ́ ìwé, mo kọ nọ́ńbà kan sí i. Àtàǹpàkò mi já fìrí. Mo dìde. "Mà," mo ní, "ó ń bọ̀." Mo sùn sílẹ̀, mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e, ẹnu Kúdí àti bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní gbogbo kíláàsì gbéra bí ìgbà tí wọ́n bá ju òkò sáàárín ẹyẹ. Wọ́n ń gba ojú fèrèsé jáde, wọ́n ń gun orí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, bí ará abúlé inú tẹlifíṣọ̀n ṣe ṣe é gẹ́lẹ́. Tísà tó ń ṣọ́ wa gun àga. Bàbá mi fẹ́ wọlé, àwọn ọmọ tó ń tú jáde kò jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà. Kúdí náà sá dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun wẹ̀yìn, òun sì rí i pé orí mi ti ń sún mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì onírin. Ó padà. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí mi sórí itan rẹ̀, ó fi etí yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ nu ẹnu mi. Bí bàbá mi ṣe bá wa nìyẹn. Wọ́n ní Kúdí ń gbọ̀n ju èmi lọ.

Nígbà tí mo jí, mo bèèrè ìwé mi. Orí mi wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó jẹ́ pé gbogbo kíláàsì ló sá jáde, ọ̀gá ilé-ìwé ní láti fi àkókò kún un fún gbogbo wa, àwọn kan tí ìṣirò ń dà láàmú sì ń wò mí bí ẹni tí Ọlọ́run rán sí wọn. Mo kọ èyí tó kù pẹ̀lú ahọ́n tó ya, nọ́ńbà mi ń gun òkè bí èèrà. Mo yege. Kì í ṣe pẹ̀lú ipò àkọ́kọ́ tí mo ń lálàá rẹ̀, ṣùgbọ́n mo yege.

Nílé, Kúdí ló wá di ìran. Ó ti fọwọ́ kan ìfófó! Ìyá rẹ̀ fi kànrìnkàn àti iyọ̀ bó o lára fún ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ilé ń dúró kó ṣubú. Màmá Ovie á jókòó sẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, á ní, "Kudi, you never fall?"

"Never yet, ma," Kúdí á dáhùn, á gbé korobá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan ó mọ̀ọ́mọ̀ ta gẹ̀ẹ́rẹ́ níwájú wọn, Màmá Ovie fò, àga dojú dé, Kúdí sì jẹ kòbókò rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́ta kọjá, Kúdí kò ṣubú. Ó sú wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rí ife rẹ̀ láàrin ife wa, lẹ́bàá àmù.

Ìgbà tí mo dé ilé-ìwé girama ni dókítà kan ní ibùdó ìlera fún mi ní oògùn tí mò ń lò láràárọ̀ àti lálaalẹ́ títí di ìsinsìnyí. Ó ní kí ìyá mi gbé ṣíbí jùnù, pé ṣíbí ló ń ba eyín mi jẹ́. Mo parí ìwé mẹ́wàá, mo lọ́kọ, mo bí Àṣàbí. Ọdún lè yí po kí n má ṣubú.

Nígbà yẹn, tẹlifíṣọ̀n kan ló wà fún yàrá mẹ́rìndínlógún, ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Lóde òní, ní Ajégúnlẹ̀ kan náà, yàrá wo ni kò ní tirẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù fídíò wà ní gbogbo ìkángun òpópónà, aláwọ̀ mèremère ni, ọmọ ọdún mẹ́ta mọ bí wọ́n ṣe ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rẹ̀. Mo ti wo púpọ̀ nínú àwọn eré náà. Obìnrin yẹn ṣì ń ṣubú nínú wọn, ará abúlé ṣì ń sá, àtíbàbà inú igbó ṣì ń dúró dè é. Èmi kò tíì rí èyí tó ń mu oògùn rẹ̀, tó ń se ìrẹsì fún ọmọ rẹ̀. Bàbá mi ti kú. Bí wọ́n bá wà láàyè, ǹ bá bi wọ́n bóyá àwọn ti rí irú rẹ̀.

Oṣù tó kọjá, oògùn mi tán, mo ní màá rà á lọ́la, mo sì ń sọ lọ́la fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìwà òmùgọ̀ ni, mo mọ̀. Mo ń gé ilá nínú kíṣìnì lọ́sàn-án, èmi àti Àṣàbí nìkan la wà nílé. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. N ò tíì sọ fún un. Ẹ wò ó, èmi tí ìdákẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, èmi náà ń pè é ní òòyì fún ọmọ mi.

Nígbà tí mo jí, mo wà nílẹ̀, ilá ti fọ́n ká, kò sí Àṣàbí. Mo pè é, ohùn mi ò jáde dáadáa. Mo rá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn dúróòmù omi Màmá Tóyìn, aládùúgbò wa, ni mo ti rí i, ó ká ara rẹ̀ kò, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bíi pé ọwọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀. Itọ́ mi wà níbẹ̀, ó ti gbẹ.

"Mọ́mì, mo fọwọ́ kàn án," ó ń sọ. "Mo fọwọ́ kàn án kí n tó rántí pé kí n sá. Ṣé mo ti kó o?"

Mo gbé e lọ sínú yàrá, mo fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ náà fún un, mo gbé e lé itan. Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un: wárápá. Mo ní kì í ràn, mo sọ ìtàn Kúdí fún un, ẹni tí wọ́n fi oṣù mẹ́ta ṣọ́, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kó sọ ohun tó rí fún mi, nítorí èmi tó ń ṣe kò rí i rí láyé mi.

Ó wojú mi bóyá mo ń fi í ṣeré. Ó ní, "Ẹ jókòó sílẹ̀. Ẹ ní 'Ó ń bọ̀.' Ẹ wá sùn. Ọwọ́ yín ń ṣe bí ẹja. Ojú yín ò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ń han-anrun bíi dádì."

"Ṣé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ni mo bá sọ fún un pé, "Tó bá tún ṣẹlẹ̀, gbé ọ̀bẹ kúrò nítòsí mi, fi aṣọ sábẹ́ orí mi, kí o pe Màmá Tóyìn. Lẹ́yìn náà kí o wá jókòó tì mí, má sá. Kí o máa wò mí dáadáa, Àṣàbí, kí o lè rí ohun tó o máa sọ fún mi nígbà tí mo bá jí."